Ìgbà Karùn-ún Tí Wọ́n Ní Kó Sọ Ọ́

Kí oòrùn tó gun òrùlé ilé Ìyá Táwà ní Fọlá Àgoro láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Rọ̀kíbátù ti jókòó ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sunkún.

Òun kò pè é bẹ́ẹ̀ o. Ìmúrasílẹ̀ ló pè é. Kausarat, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, jókòó sórí ẹní, ògì ń tutù níwájú rẹ̀, àkàrà mẹ́rin wà nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ìyá rẹ̀ wo ògì, ó wo ọmọ, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Tún un sọ," ni Rọ̀kíbátù wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilé ti wó."

"Ilé wó," ni Kausarat wí.

"Ta ni ìyẹn fẹ́ ṣe láàánú? Sọ pé èmi àti Hashim àbúrò mi ń wọ bàtà ilé-ìwé lọ́wọ́, ni dẹ́kìn òkè bá já lé wa lórí. Tó o bá ti dé ibi tí Hashim wà, kó o rọra máa sọ ọ́. Tí omijé bá ń bọ̀, má nù ún."

Ẹ má tíì bá obìnrin yìí bínú. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà lójú ọ̀nà Pẹ́dírò, Ẹgbẹ́ Ibòòji ni wọ́n ń pè é, àwọn ló ń wá yàrá fún àwọn tí ilé wó lé lórí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò gba orúkọ ìdílé tó kẹ́yìn. Òfin wọn sì ni pé ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí àwọn tó ń fún wọn lówó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ. Láti oṣù mẹ́ta tí dẹ́kìn, àjà oníkọnkéré ilé wọn, ti já, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Kausarat ti sọ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí kan náà. Tábìlì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní fáìlì tirẹ̀, tábìlì kan kì í sì í ka ti èkejì. Àwọn tó ń ṣàánú wa nílùú yìí fẹ́ràn ìwé púpọ̀, kíkà rẹ̀ ni kò bá wọn lára mu. Ìgbàkigbà tí ọmọ náà bá ti ibẹ̀ dé, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí oúnjẹ gidi tó kan ẹnu rẹ̀. Rọ̀kíbátù mọ̀. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé Táwà ń bọ̀ wá bímọ nílé ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, inú yàrá tí wọ́n forí pamọ́ sí yìí ni yóò sì sùn.

Mùtíù ọkọ rẹ̀ ń wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bájúláyé ló ti ń ṣiṣẹ́, yíǹkì dúdú ti wọ inú èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ ti gbà fún un. Ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ.

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n," ló wí níkẹyìn. "Kí ló kù tí àwọn èèyàn yẹn ò tíì gbọ́?"

"Bàbá Kausarat, ẹ bá wa lọ lónìí, kí ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀."

Mùtíù tẹ̀ síwájú, ó wá bàtà rẹ̀ kan, ó wá èkejì. Kò lọ sí ọ́fíìsì náà rí. Ẹni tó bá ti bá wọn wa òkúta kúrò lórí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán kò ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó mú bírò dání.

"Mo bẹ yín ni," ni Rọ̀kíbátù wí.

"Iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ," ni Mùtíù wí. Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó jáde. Rọ̀kíbátù fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Ìyá Táwà, ẹ̀gbọ́n Mùtíù tó ni ilé, ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí aṣọ ìlẹ̀kùn tó dúró. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi bọ́ wọn, kò ka ìrẹsì sí wọn lọ́rùn. Àmọ́ Táwà ni àkọ́bí rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ni ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́.

"Kausarat, ọmọ mi," ni Ìyá Táwà wí, "ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ sọ̀rọ̀ fún wọn lónìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Rọ̀kí, ó jẹun?"

"Ó máa jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà," ni Rọ̀kíbátù wí, ó sì di àkàrà náà pọ̀.

Ìyá Dọlápọ̀ ń fọ aṣọ ní kọ́rídọ̀. Alágbàágbélé tí kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá kó má fi iyọ̀ sí i ni. Ó na ẹ̀yìn, ó kí wọn pé ẹ káàárọ̀, ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní rere, ó wá fi kún un pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ ó rí i, yàrá tí wọ́n máa fún yín á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ìyá Táwà alára wolẹ̀. Òwe náà dára, ilé tí wọ́n gbé e wá ni kò yẹ ẹ́. Hashim ọmọ ọdún méje kú sábẹ́ ilé tó wó yìí, ẹwà wo ló tún kù? Ìyá Dọlápọ̀ mọ̀ pé òun ti ṣìsọ, ó ki ọwọ́ bọ inú ọṣẹ padà.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn dé Pẹ́dírò. Ní ìkòríta kan, àwọn bíríkìlà ń da kọnkéré sórí ilé kan tí wọ́n ń kọ́, bí ariwo ẹ̀rọ náà ṣe dún ni Kausarat gbá apá ìyá rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀.

Ohun tuntun wà lára ògiri ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Ibòòji. Wọ́n ti lẹ ìwé ńlá aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: *A Ń Gbọ́ Yín. Ara Yín Balẹ̀ Níbí.* Gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n ti kó lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo. Wọ́n jẹun níbẹ̀ dáadáa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó wá gba ìrànlọ́wọ́ ṣì tò sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìwé aláwọ̀ ewé náà, wọ́n ń dúró kí wọ́n fi ohùn òkè pe orúkọ wọn àti ohun tó ṣe wọ́n.

"Rọ̀kíbátù, ilé tó wó," ni ẹnì kan ké láti inú. Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú sí wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè ló gbà wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì kí Rọ̀kíbátù, ó bi Kausarat bóyá ó sùn dáadáa. Ó sọ fún wọn pé nǹkan ti yàtọ̀ báyìí, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn ní gbangba mọ́. Ó mú wọn sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta sí yàrá kan tó jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Àjà rẹ̀ kò ga, wọn kò sì tíì kun kọnkéré rẹ̀. Ó pa fèrèsé dé. Ó pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú fóònù tó fẹ́ fi gba ohùn sílẹ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn irin, ó fi ìdábùú sí i.

"Nítorí àṣírí yín ni," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Kausarat wo àjà. Ó wo ìlẹ̀kùn.

"Ọmọ dáadáa, kí ló ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn? Má kánjú."

Ọmọ náà la ẹnu, kò sí ohùn. Èémí rẹ̀ ti ń yára. Ó dìde, ó kọjú sí ọ̀nà ìlẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ó fà á jókòó. Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, ni ọwọ́ náà ń wí. Lójú Rọ̀kíbátù, yàrá tí wọ́n fẹ́ fún wọn ti ń lọ, ó ń rí i bó ṣe ń lọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n sọ. Oṣù mẹ́ta ti kọ́ ọ ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé bírò sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti máa ń wá áńkáṣíìfù. Ó sọ bàtà ilé-ìwé. Ó sọ eruku tó bo gbogbo àdúgbò. Ó sọ pé láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àìlà ni àwọn ọmọ òun méjèèjì fi wà lábẹ́ dẹ́kìn. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé Hashim ò jìyà," ló wí, bó ṣe máa ń wí níbi gbogbo. "Ojú ẹsẹ̀ ló kú."

"Irọ́ ni," ni Kausarat wí.

Kí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ níwájú àlejò pé irọ́ ló pa, ọwọ́ Rọ̀kíbátù kò dúró gba àṣẹ. Ó gbá a létí.

"Kò kú lójú ẹsẹ̀," ni ọmọ náà wí. Kò sunkún. "Ó ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tó ń sọ̀rọ̀."

Omi gbígbóná kan ń kán láti orí àga sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kausarat ti tọ̀ sára. Bámilóyè kò rí i, tàbí ó rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ó rọra fi ìka ti fóònù náà sún mọ́ ẹnu ọmọ.

"Kí ló ń sọ?" ló béèrè.

Rọ̀kíbátù rí fóònù náà bó ṣe ń sún. Ìríra mú un. Ohun tó sì dẹ́rù bà á jù ni pé ìbéèrè kan náà ni òun fẹ́ bi ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín òun.

Ẹnì kan ń gbá ìlẹ̀kùn láti ìta. Bámilóyè ṣí i. Ìyáàfin Hadassah ni, àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀, obìnrin tó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, tó máa ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Ó wo àga. Ó wo àjà. Ó ṣí ìlẹ̀kùn náà gbayawu títí ó fi kan ògiri, ó lọ ṣí fèrèsé, ó tú ìborùn rẹ̀, ó nà án sí ọmọ náà. Kausarat ró o mọ́dìí.

"Níbo lo fẹ́ jókòó sí?" ni Hadassah bi í.

Kò sí ẹni tó ti bi í ní ìbéèrè yìí rí láti oṣù mẹ́ta. Ó ronú sí i.

"Ìta," ló wí.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń rí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Pa fóònù yẹn," ni Hadassah sọ fún Bámilóyè.

"Màmá, òfin ni. Wọ́n ti ní bí kò bá sí ohùn ọmọ, wọn ò ní gbà á. Níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni wọ́n ti ní ká máa ti ìlẹ̀kùn kí àṣírí wọn má baà tú."

"Wọ́n ní ká bo àṣírí. Ṣé wọ́n ní ká ti ẹni tí dẹ́kìn wó lù mọ́ inú yàrá ni?"

Bámilóyè gbójú sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àjà náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Hadassah lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó kó fáìlì mẹ́ta dé. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí nínú ilé yìí," ló wí. "Èmi ni mo gba ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyí. Mi ò bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó kọjú sí Rọ̀kíbátù. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá Kausarat."

Rọ̀kíbátù kò mọ ohun tí wọ́n ń fi dá àgbà lóhùn nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́, mà," ó sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí òun wí.

Hadassah jókòó, ó ń ti inú fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ìbá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò sì gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí Rọ̀kíbátù. "Ẹ bá mi kà á. Tó bá tọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọmọ yìí ní nǹkan kan mọ́ lónìí."

Rọ̀kíbátù ń kà á lọ, ó ń kà á lọ. Ó dé ìlà kan, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. *Ọmọkùnrin náà kú lójú ẹsẹ̀.* Inú fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà. Òun ló sọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí dókítà tó sọ ọ́ fún un, òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kó lè rí oorun sùn, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri lójú ọmọ tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òun ń sọ ọ́, ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ń gbọ́.

"Ẹ bá mi pa ìlà yẹn rẹ́," ló wí.

"Kí ni ká kọ dípò rẹ̀?"

"Ẹ má kọ nǹkan kan."

Hadassah fa igi lé e lórí. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ *ohùn ọmọ*. Ó ní orúkọ wọn á wọlé lónìí, òun ni yóò gbé e lọ sókè, tí wọ́n bá bínú, òun ni wọn yóò bínú sí. Bóyá wọ́n á gbà á, bóyá wọn ò ní gbà á, òun ò lè búra. Kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n má mú ọmọ náà dání.

Kò tíì tó àsìkò ìrun àlàásárì nígbà tí wọ́n délé. Ìyá Táwà ń dúró dè wọ́n, Ìyá Dọlápọ̀ náà ṣèèṣì ní ewébẹ̀ kan tó fẹ́ já nítòsí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?" ni Ìyá Táwà bi wọ́n.

"Wọ́n ti gba orúkọ wa."

"Mo ní ṣé ó sọ̀rọ̀. Ṣé ó sunkún? Ṣé wọ́n ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́?"

"Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, mà. Kò tíì dájú."

Ìyá Táwà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kò dájú. Rọ̀kí, aboyún kì í dúró de fọ́ọ̀mù o." Ó kọjú sí ọmọ náà tó ró ìborùn tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. "Kausarat, kí lo sọ fún wọn? Wá síbí, wá sọ fún mi."

"Ẹ má bi í, mà," ni Rọ̀kíbátù wí.

Kò gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó ilé yìí, kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé má ṣe nǹkan kan rí. Ìyá Táwà wò ó. Ìyá Dọlápọ̀ dẹ́kun ewébẹ̀ jíjá. Ìbínú gun Ìyá Táwà lójú, ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ pé nínú ilé ta ni, ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà níbi tí àpá ìka mẹ́rin ṣì wà. Ó yí padà wọ iyàrá rẹ̀.

Mùtíù tètè dé lọ́jọ́ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ẹ má bi í," ni Rọ̀kíbátù tún wí. "Ẹ má bi èmi náà."

Ọkùnrin náà rí síkẹ́ẹ̀tì Kausarat tó wà nínú báàgì ọ̀rá, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mú garawa, ó bu omi, ó jókòó sórí àpótí láàárín agbolé níbi tí gbogbo ayálégbé ti ń rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ síkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ aláyíǹkì rẹ̀. Ìyá Dọlápọ̀ fi omi ọṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò fi òwe kankan sí i.

Kí oòrùn tó wọ̀, Kausarat gbé àpótí sí ojú ẹnu ọ̀nà gan-an, ìdajì rẹ̀ nínú ilé, ìdajì rẹ̀ níta. Ó rẹ gààrí, ó mu ún díẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ọpọ́n ẹ̀wà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣà á. Bí ẹnì kan bá ní kí Rọ̀kíbátù gbé yàrá náà sílẹ̀, kó gbé ilé, kó gbé gbogbo ohun tó kù fún un láyé sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí Hashim sọ, yóò gbé e. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbí, kò jù kó kàn na ọwọ́. Ó ṣa ẹ̀wà. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sọnù. Ó ní kí òun tọrọ àforíjì ìgbátí, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó sì mú un kúrò.

Kausarat ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, òun náà ń ṣà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Mọ́mì," ló wí, ojú rẹ̀ wà lórí ẹ̀wà. "Ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun."

Ọwọ́ Rọ̀kíbátù dúró. Gbogbo ara rẹ̀ ń wí pé: lẹ́yìn náà ńkọ́, kí ló tún sọ, ṣé ó pè mí?

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí, kò sì bi í ní ohun tó kù.